Àìná, orúkọ tí ojú agbẹ̀bí rí

Níbi ìsọmọlórúkọ kan nílé wa, pásítọ̀ ti ka orúkọ mẹ́fà tán nínú ìwé tó mú lọ́wọ́, Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ márùn-ún nínú wọn. Wọ́n wá gbé abọ́ omi káàkiri kí àwọn àgbà sọ owó sí i, kí wọ́n pe ọmọ lórúkọ tiwọn. Ó kan ìyá bàbá mi. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún náírà sínú abọ́, wọ́n ní, "Àìná."

Ìyá ọmọ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, Àìná kẹ̀?" Màmá ní ṣebí létí àwọn ni nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwọ́ yí ọmọ náà lọ́rùn kó tó jáde. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wá orúkọ kiri. Ọmọ ti mú tirẹ̀ bọ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣe ìkẹsàn-án. Kò dé inú ìwé ẹ̀rí ìbí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, òótọ́ ni, àmọ́ òwe yẹn ò kan orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, ì báà jẹ́ ọmọ aláàárù. Èyí tó dojú bolẹ̀ jáde ni Àjàyí. Èyí tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, bó bá ṣe ọkùnrin, Òjó ni. Bó bá ṣe obìnrin, Àìná. Bí Samuel Johnson ṣe tò wọ́n nìyẹn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897. Èèyàn á máa rí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ Àìná lábísọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ló ni ín.

Kí wá ni Àìná túmọ̀ sí? Èyí tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé ni pé "ẹni tí a kì í nà" ni. Ó dùn ún gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti gba Àìná bíi mélòó kan lọ́wọ́ pàṣán, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbà. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí nà tí à ń fi pàṣán ṣe, ohùn òkè ló sì gbẹ̀yìn Àìná. Bó bá ṣe ohùn la fẹ́ tẹ̀ lé, owó àìná, ìyẹn owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ná, ló sún mọ́ ọn jù, ìyẹn náà ò sì bá ọ̀rọ̀ ìwọ́ tan rárá. Lójú tèmi, ẹni tó ń tú orúkọ yìí bí ẹni tú Olúfúnmiláyọ̀ ń da ara rẹ̀ láàmú. Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ ìbí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí. Àwọn dókítà sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin sí márùn-ún tí oyún wọn pé oṣù, ìwọ́ á ti yí ọ̀kan lọ́rùn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì ní ṣe nǹkan kan. Kíláàsì tí ogún ọmọbìnrin bá wà, ó yẹ kí Àìná inú rẹ̀ tó mẹ́rin. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn tí tíṣà ń pe ọmọ ọdún mẹ́fà ní Àìná?

Ìwọ́ ò tíì dẹ́kun yíyí. Ẹlẹ́rìí ni kò sí mọ́. Ẹ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé, orúkọ àmútọ̀runwá làwọn náà, wọ́n sì wà káàkiri, nítorí kò sẹ́ni tí kò rí i pé ọmọ méjì ni. Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, kò sí àríyànjiyàn. Dàda gbé tirẹ̀ sórí, kódà ẹni tó kọ orúkọ ọ̀hún fún ọmọ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á bá a sọ ọ́. Àmọ́ ohun tó ń sọ ọmọ di Àìná kì í pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Orí ọmọ á yọ, agbẹ̀bí á ki ìka méjì bọ abẹ́ ìwọ́, á fà á gba orí ọmọ kọjá bí ẹni bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó parí. Wọ́n á gé ìwọ́, wọ́n á sin ibi, kò ní sí àpá kankan lára ọmọ tí yóò fi hàn.

Láyé àtijọ́, ará ilé ni agbẹ̀bí: ìyá ọkọ, tàbí ìyá àgbà kan láàárín agboolé. Òun ló ń gbé ìròyìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí, bó bá sì ti ní "Àìná wọlé dé", orúkọ ti dé nìyẹn, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé rárá. Nọ́ọ̀sì òde òní ò bá wa tan. Iṣẹ́ rẹ̀ parí láago méjì, á bọ́ aṣọ iṣẹ́, á wọkọ̀ lọ sílé tòun ti ohun tó rí. Ọmọ tí wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde ńkọ́? Aṣọ ni wọ́n ta sójú ìyá rẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì ló lé e lọ, tàbí pé ó dún bí iná létí, pé Àìná kì í pẹ́ gbaná jẹ. Ó lè ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ò lé Táíwò.

Àìná tí ayé mọ̀ jù, orúkọ mìíràn ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n bí i sí, nílẹ̀ Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1843. Ní 1848, ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ Ọba Ghezo. Lọ́dún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, wá bá ọba sọ̀rọ̀ kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Wọ́n ti ya ọmọ náà sọ́tọ̀ fún ìrúbọ. Forbes rọ ọba pé kó kúkú fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, bí ọmọ èèyàn ṣe di ẹ̀bùn nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n fi Forbes, orúkọ ọ̀gá náà, kún un, wọ́n tún fi Bonetta kún un. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ló ń jẹ́ Bonetta. Ọmọ tó ti mú orúkọ bọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ ni wọ́n wá fi orúkọ ọkọ̀ pè.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 1850 ló fojú kan Ọbabìnrin ní Windsor, ìyẹn sì ń pè é ní Sally. Wọ́n rán an lọ sílé ìwé ní Freetown lọ́dún 1851, wọ́n pè é padà ní 1855, wọ́n fi sọ́dọ̀ míṣọ́nnárì kan, James Schön, ní ìpínlẹ̀ Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí Crowther wọkọ̀ gun odò Ọya lọ́dún 1841. Àjàyí àti Àìná, àmútọ̀runwá méjì, ọ̀dọ̀ òyìnbó kan náà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ 1862, ó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. James Pinson Labulo Davies lọkọ, oníṣòwò ará Èkó, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró. Nígbà tó kan orúkọ ìyàwó nínú ìwé ìgbéyàwó, ohun tó wà níbẹ̀ ni "Ina Sarah Forbes Bonetta". Ina ló ṣáájú. Ìgbà tí wọ́n mú un kúrò ní Òkè-Ọ̀dàn, bíi ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn odi, ohùn ibẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ti ṣubú dànù, ó sì ṣì fi í ṣáájú ọkọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní 1880. Victoria ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń jẹ́. Kò lè fi Àìná sílẹ̀ fún un náà ni, nítorí orúkọ yìí kì í ṣe ohun àjogúnbá. Ọmọ tí ìwọ́ ò yí lọ́rùn kò lè jẹ ẹ́.

Ìyẹn gan-an ló mú ibi tí orúkọ náà já sí pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí míṣọ́nnárì àti ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè orúkọ kejì, orúkọ bàbá tàbí ti ẹni tí wọ́n fi ń pe ilé ni wọ́n ń kọ. Báyìí ni Àìná wọ inú ìwé, kò sì jáde mọ́. Ohun tó ṣe Tàlàbí náà nìyẹn, orúkọ ọmọbìnrin tó wé nǹkan wáyé, tó ti di orúkọ ìdílé àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ọlá Àìná tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1996 ń gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, AINA gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí Google láìfi àmì sí i, àwọn àjèjì tún máa dà yín láàmú: Aina àwọn ará Mallorca jẹ́ Anna tiwọn, "ìyè" ló jẹ́ ní Madagásíkà, "nígbà gbogbo" ni lédè Finland. Kò kàn wá.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ yẹn, mo bi obìnrin kan tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan ládùúgbò bóyá ó máa ń rí ìwọ́ lọ́rùn ọmọ. Ó ní láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn òun ti bọ́ méjì.

"Obìnrin ni wọ́n?"

"Obìnrin ni àwọn méjèèjì."

"Ṣé ẹ sọ fún àwọn ìyá wọn?"

Ó wò mí. "Kí n máa dẹ́rù bà wọ́n? Ọmọ ṣáà ti ké."