Bí Ìjì Àkọ́rọ̀ Ṣe Ń Gbára Jọ Lójú Ọ̀run Ìbàdàn

Láàárín ìparí oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ojú ọjọ́ kì í dúró sójú kan nílùú Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn tó ń mú ganrínganrín, tí ooru ọ̀sán yóò tó dígírì 35, tí eruku ọyẹ́ kò sì ní í jẹ́ kí òkè ọ̀ọ́kán hàn dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ooru kan náà ni, ṣùgbọ́n òógùn kì í gbẹ lára mọ́. Ìkùukùu á kóra jọ nírọ̀lẹ́, wọn á ká aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, síbẹ̀ òjò kò ní í rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjì á dé lóru ọjọ́ kan, tí á ṣí páànù, tí á rọ òjò ńlá, tí ilẹ̀ á sì mọ́ pẹ̀lú òtútù. Ojú ọjọ́ àkókò yìí ní ìlànà, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò ní.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Èkejì ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ń tẹ̀ lé oòrùn: nítòsí etíkun ló máa ń wà ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n tó bá fi di oṣù kẹjọ, ó ti kọjá ààlà Nàìjíríà lọ sí àríwá. Kì í ṣe ojú ibi ìpàdé yìí gan-an ni òjò ti ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tutù ju ti aṣálẹ̀ lọ, nítorí náà abẹ́ ọyẹ́ ló ń gbà wọlé, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ púpọ̀ níbi tí orí rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn, lápá gúúsù, ló ti nípọn tó láti bí ìkùukùu ńlá. Ní oṣù kẹta, Ìbàdàn wà létí ààlà náà gan-an: bí afẹ́fẹ́ òkun bá wọlé díẹ̀ sí i, òógùn á bo ara, bí ọyẹ́ bá tì í padà, ètè á tún máa gbẹ.

Nígbà tí oòrùn bá pa ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á sì máa gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, títí ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò fi di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́, tí a ń pè ní ìkùukùu. Inú ìyípadà yìí ni agbára ìjì wà. Ooru tó ń jáde nígbà tí ọ̀rinrin bá padà di lítà omi kan tó láti mú kí lítà omi tútù mẹ́fà hó. Òun ló ń jẹ́ kí inú ìkùukùu gbóná ju ìta rẹ̀ lọ, tó fi lè ga kọjá kìlómítà 15, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ìkùukùu ìrọ̀lẹ́ tó ṣú tí kò rọ̀ kò rí ọ̀nà gòkè ni: afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà lókè bò ó mọ́lẹ̀, ó sì gbẹ omi inú rẹ̀.

Ní òkè níbẹ̀ ni mànàmáná ti ń wá, nígbà tí àwọn hóró yìnyín bá ń gbá ara wọn, tí èyí tó fúyẹ́ ń gbé irú agbára iná mànàmáná kan lọ sókè, tí èyí tó wúwo sì ń mú òdìkejì rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìró ààrá ń rin kìlómítà kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹni tó bá ka àáyá 9 láàárín mànàmáná àti ààrá, kìlómítà 3 péré ló jìnnà sí i, kò sì yẹ kó ṣì wà lábẹ́ igi tàbí lórí pápá.

Omi òjò ń ti ọ̀nà òkun wá, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbà dé. Ní bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló sì ń ti àwọn ìkùukùu ńlá níwájú. Púpọ̀ nínú wọn ń gbéra lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ gíga, bíi àwọn òkè Jos àti àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ ààlà Kamẹrúùnù, wọ́n á sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti àríwá sí gúúsù. Nǹkan bíi kìlómítà 600 ni Jos sí Ìbàdàn. Ọ̀wọ́ ìjì tó bá kúrò níbẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ń rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan, á wọ Ìbàdàn láfẹ̀mọ́jú. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí àwòrán sátẹ́láìtì ní gbogbo òru náà, nígbà tí ojú ọ̀run Ìbàdàn ṣì mọ́ kedere.

Tó bá ṣe ọ̀sán ló dé, ìkùukùu dúdú á yọ lápá Ìwó Road, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni eruku á sọ lójijì, tí ọ̀rá àti páálí á máa fò, tí máńgòrò tí kò tíì pọ́n á máa já lulẹ̀, kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan páànù. Ọyẹ́ tó ṣẹ́ kù lókè ló fa ìjì líle yìí. Bí òjò ṣe ń gba àárín afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbẹ kó tó dé ilẹ̀, gbígbẹ náà á mú kí afẹ́fẹ́ tutù, á wúwo, á já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, á sì tàn káàkiri níwájú òjò. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ọ̀rinrin ti nípọn dé òkè, òjò lè rọ̀ pẹ́ láìsí ìjì púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún òrùlé kàn kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà òjò gan-an. Àkọ́rọ̀ ló léwu fún òrùlé jù.

Afẹ́fẹ́ tútù tí ìjì fi sílẹ̀ lè mú kí ooru dín ní dígírì 10, ó sì ń dènà ìkùukùu tuntun títí oòrùn yóò fi tún ilẹ̀ mú gbóná. Ìdí nìyí tí ọjọ́ mélòó kan fi ń wà láàárín ìjì kan àti òmíràn. Àárín yìí ló yẹ kí àgbẹ̀ máa wò. Òjò tó jẹ́ mílímítà 25 ń da lítà omi 250,000 sórí hẹ́kítà kan, ṣùgbọ́n oòrùn àsìkò náà lè fa bíi mílímítà 5 kúrò lójúmọ́, kí omi náà sì tán kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sórí òjò kan ṣoṣo á hù, á sì rọ bí ọyẹ́ bá padà. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń kéde ọjọ́ tó retí pé òjò tó ṣeé gbìn sí yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ náà sì lè pẹ́ ju ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ lọ.