Fífẹsẹ̀ Rìn Láti Valga sí Valka Kì í Tún Ọjọ́ Físà Kà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn èèyàn wa tó ń rìnrìn àjò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ní bí ọjọ́ físà ẹni bá ti ń tán lọ ní orílẹ̀-èdè kan, kí onítọ̀hún ṣáà wọ bọ́ọ̀sì, kó sọdá sí èkejì, kó sùn mọ́jú, kó padà. Ọjọ́ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Àwọn tó mọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Valga, ní ẹnubodè Estóníà àti Látfíà, a tiẹ̀ máa fi kún un pé ibẹ̀ ló rọrùn jù, torí pé ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń sọdá. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ lásán ni. Ọjọ́ tó máa tún bẹ̀rẹ̀ yẹn ni kò sí níbẹ̀.

Mi ò bá ẹni tó gba èyí gbọ́ wí púpọ̀, torí ó níbi tó ti rí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tó ń gbé ní Accra mọ ọ̀nà Aflao, ní ẹnubodè Gánà àti Tógò, bí ẹni mọ ẹ̀yìn ilé. Bí 90 ọjọ́ tí ECOWAS fàyè gbà bá ń lọ sópin, wọn a gba Aflao wọ Lomé, wọn a gba òǹtẹ̀ ìjáde, wọn a padà wá gba ti ìwọlé, ó di ọjọ́ mìíràn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ní bọ́dà kan lèèyàn máa ń rò pé yóò ṣiṣẹ́ ní gbogbo bọ́dà. Ti Valga yàtọ̀, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ á tètè rí ohun tó mú un yàtọ̀.

Valga wà ní gúúsù Estóníà, Valka wà ní àríwá Látfíà, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń rìn lọ láàárín ìgboro, ìlú kan ṣoṣo ni. Èèyàn bíi 12,000 ló wà ní Valga. Àwọn ti Valka kò tó 5,000. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà bò, ohun tí wọ́n tiẹ̀ fi ń polówó ara wọn ni pé “ìlú kan, orílẹ̀-èdè méjì” làwọn. Níbi tó pọ̀ nínú ìgboro, odò kékeré kan ni ààlà, tí àwọn ará Estóníà ń pè ní Konnaoja, tí àwọn ará Látfíà ń pè ní Varžupīte. Kí ẹnikẹ́ni má fọkàn yàwòrán odò Ògùn o. Ìṣàn omi lásán ni, afárá kékeré ló bò ó. Òpó aláwọ̀ búlúù, dúdú àti funfun ni Estóníà rì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ti Látfíà jẹ́ pupa àti funfun. Kò sí géètì, kò sí okùn, kò sí aṣọ́bodè kankan tó ń béèrè pé kí lẹ gbé wá. Ẹni tó bá ti gba Ìdìròkò kọjá rí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró léraléra, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹnì kan wà tó yẹ kí òun kí kí òun tó kọjá. Nígbà yẹn, ìyá àgbà tó ń ti ọjà rẹ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù á ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ orílẹ̀-èdè kejì láì wojú ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ rélùwéè ibẹ̀ gan-an kì í ka ààlà yẹn sí. Èyí tó ń bọ̀ láti Riga, olú ìlú Látfíà, máa ń kọjá ààlà kó tó dúró ní Valga, ní ilẹ̀ Estóníà. Ẹni tó bá ń lọ sí Valka yóò sọ̀kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, yóò sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Látfíà tó ti kúrò. Ohun tó fà á ni bí wọ́n ṣe pín ìlú náà.

Ọ̀kan ni ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Walk ni àwọn ará Jámánì ń pè é, Stephen Báthory tó jẹ́ ọba Pólàndì ló sì fún un ní àṣẹ ìlú ní ọdún 1584. Nígbà tí ojú irin tó ti Riga lọ sí Pskov gba ibẹ̀ kọjá ní 1889, ìlú náà gbòòrò sí i, owó wọlé, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí ibi tó níye lórí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Estóníà àti Látfíà di òmìnira, àwọn méjèèjì sì ní tiwọn ni Walk. Àwọn Látfíà ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tó ń jà fún orílẹ̀-èdè wọn ti kọ́kọ́ jókòó ní ìparí 1917. Estóníà náà kò gbà, ojú irin yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n fà á títí, kò já, ni wọ́n bá ní kí Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn dá a. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Stephen Tallents ló fa ìlà náà ní 1920. Estóníà gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú, pẹ̀lú ibùdó rélùwéè. Látfíà gba àwọn àdúgbò tó kù lódì kejì odò. (Gẹ̀ẹ́sì tó ń fa ìlà sórí ilẹ̀ onílẹ̀, àwa náà mọ̀ wọ́n dáadáa.)

Nígbà tí Soviet kó orílẹ̀-èdè méjèèjì sábẹ́, ìlà Tallents di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀ mọ́. Ó tún yọjú ní 1991. Aṣọ́bodè dúró sójú títì, ẹni tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ lódì kejì gbọ́dọ̀ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di December 21, 2007, tí àwọn méjèèjì wọ inú àdéhùn Schengen, ìyẹn àdéhùn tó sọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù di agbègbè kan tí wọn kì í ti yẹ ìwé wò ní ààlà tó wà láàárín wọn, tí wọ́n sì palẹ̀ gbogbo ìdènà mọ́.

Ibí yìí gan-an ni àṣìgbọ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdènà ni wọ́n kó kúrò. Ààlà ṣì wà níbi tó wà. Iṣẹ́ kíka èèyàn ni wọ́n gbé lọ sí etí ìta gbogbo agbègbè Schengen: pápákọ̀ òfurufú Tallinn, ti Riga, àwọn afárá àti títì tó wọ Rọ́ṣíà. Arìnrìn-àjò tó gbéra ní Èkó tó gba Frankfurt wọlé, Frankfurt ni ọjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ jáde kúrò nínú Frankfurt ju kó bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Tallinn. Láti ibẹ̀ lọ, Estóníà ni o, Látfíà ni o, inú àpò kan náà ni ọjọ́ ti ń jáde.

Òfin náà ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ èyíkéyìí, káàkiri gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè Schengen lápapọ̀. Ọjọ́ tó wọlé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó jáde náà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó dé Tallinn ní March 1. Ó wà ní Estóníà títí di April 29, ìyẹn jẹ́ 60 ọjọ́. Ní April 30, ó rìn kọjá afárá sí Valka, ó gba yàrá. Bó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á gbà pé ọjọ́ kìíní nìyẹn. Lójú òfin, ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta ni. May 29 ni 90 ọjọ́ rẹ̀ pé, ó sì gbọdọ̀ ti jáde kúrò ní agbègbè náà pátápátá kí ọjọ́ yẹn tó parí. Kódà bó bá fò lọ sí Ìstáńbùlù lọ lo ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó pa rẹ́: ọjọ́ tó lò nínú 180 ọjọ́ tó kọjá á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wọlé padà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ta ló ń kà á. Láti October 12, 2025, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tuntun ní àwọn ẹnubodè ìta, tó ń gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú àjèjì, tó sì ń ṣe ìṣirò ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ láti Valga sí Valka kò sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ rárá. Ìwọlé àkọ́kọ́ àti ìjáde ìkẹyìn ló mọ̀, ìyẹn náà ló sì máa fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

90 yìí náà kì í ṣe ti gbogbo èèyàn o. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù ló yẹ kéèyàn kà fínnífínní. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ 15 péré ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó tún ní ibì kan tí wọ́n kọ àwọn ilẹ̀ tí físà náà ti wúlò sí: bó bá jẹ́ “àwọn orílẹ̀-èdè Schengen” ni, Valga àti Valka ṣí sílẹ̀. Àmọ́ físà kan wà tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tó fúnni nìkan, orúkọ orílẹ̀-èdè yẹn nìkan ló sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ Estóníà, tó wá sọdá lọ ra búrẹ́dì ní Valka, ti rú òfin, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó dá a dúró.

Ìgbàgbọ́ òdì yìí ní ìkejì rẹ̀, tí mo rò pé ó ń ba ìrìn àjò èèyàn jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á dé etí odò yẹn, á dúró. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọ Látfíà, ìwọlé òun ti parí, òun kò ní lè padà sídìí ẹrù òun ní òtẹ́ẹ̀lì. Kó fọkàn balẹ̀. Agbègbè Schengen ni ìwọlé kan yẹn wà fún, kò kan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀. Ó lè lọ ó lè bọ̀ nígbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, torí ọlọ́pàá ṣì láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ àjèjì lójú títì, nínú bọ́ọ̀sì tàbí nínú ọkọ̀ ojú irin.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà Schengen. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà á ṣì lọ gba físà. Ẹni tó sì ti gba pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tí kò nílò físà, òfin 90 nínú 180 yẹn ti dé ọrùn òun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ físà, ààlà yẹn wà láàyè, ó ń mí. Lílọ Valga láti Tartu, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti ń kàwé, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú rélùwéè. Ìwé ìgbélùú Estóníà tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò jẹ́ kó ṣàbẹ̀wò sí Valka, kó jẹun, kó sùn. Bó bá ríṣẹ́ níbẹ̀, ìwé yẹn kò tó. Àṣẹ iṣẹ́ Látfíà ni yóò wá. Owó orí ọtí ga ní Estóníà ju ti Látfíà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Estóníà fi ń wọ́ lọ sí Valka lọ ra bíà ní páálí-páálí. Ní Valga, bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ ta ọtí mọ́ títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Owó yúrò ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ná báyìí, ṣùgbọ́n 2011 ni Estóníà bẹ̀rẹ̀, ó di 2014 kí Látfíà tó tẹ̀ lé e. Fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó ń ra ẹran ní òdìkejì òpópónà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ owó.

Èdè wọn kò tan mọ́ra rárá. Kétu àti Ìmẹ̀kọ, bọ́dà là wọ́n láàárín, èdè kò là wọ́n. Ẹni tó bá sọdá ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní Valga, “Tere” ni wọ́n fi ń kíni. Ní Valka, “Labdien” ni. Ọmọ ìyá èdè Finland ni ti Estóníà, ti Látfíà bá ti Lituéníà tan. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sábà máa ń fi èdè Rọ́ṣíà ṣe agbọ̀rọ̀sọ láàárín ara wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyè méjì pé bóyá ààlà ti kú, kó béèrè nípa March 2020. Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n tún ti ààlà náà pa, wọ́n gbé ìdènà sí àárín ìgboro, tẹbí tọ̀rẹ́ sì ń wo ara wọn láti òdìkejì. May 15 ni Estóníà, Látfíà àti Lituéníà ṣí i padà fún ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohun tó rí ní Valga lọ sí Narva, ìlú ẹnubodè mìíràn ní Estóníà kan náà. Odò ló wà láàárín níbẹ̀ pẹ̀lú, odò ńlá, tí ilé olódi Hermann ti Estóníà àti ti Ivangorod ní Rọ́ṣíà dojú kọ ara wọn láti bèbè dé bèbè. Etí ìta Schengen nìyẹn. Láti February 2024, ọkọ̀ kì í gba orí afárá náà mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, wọ́n sì ń tì í lóru láti May ọdún kan náà. Níbẹ̀ ni ẹni tó ní físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti yẹ kó dúró kó ronú: bó bá ti jáde sórí afárá yẹn, ìwọlé rẹ̀ ti tán, ẹrù tó fi sílẹ̀ ní Narva yóò sì máa dúró dè é títí tó fi máa gba físà tuntun.