Kòkòrò Tí Kò Fẹ́ Ooru: Kí Ni Atypical Mycobacteria Ń Ṣe Nínú Ọwọ́?

Ẹnì kan ń fọ àpótí gíláàsì tó ń sin ẹja sí, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ họ ọ́ lẹ́yìn ìka. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sun jáde, ó nù ún, ó gbàgbé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kókó pupa kan yọ síbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, ibà kò sì mú un. Ó lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méje, kókó ò lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, òmíràn ti tò tẹ̀lé e gòkè lọ sí apá.

Atypical mycobacteria ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ẹbí kòkòrò yìí. Ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n, àmọ́ inú omi àti ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹni tó ní in lọ́wọ́ kì í sì í kó o ran ẹlòmíràn. Wọ́n pọ̀ níye. Mycobacterium marinum lẹ ó bá pàdé jù lọ́wọ́; ọdún 1926 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Aronson kọ́kọ́ rí i, lára ẹja òkun tó kú ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́? Nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá marinum lára mu. Inú ara wa gbóná tó 37, ìyẹn pọ̀ jù fún un. Ọwọ́ àti ọrùn-ọwọ́ máa ń tutù ju inú lọ, ibẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí. Ibi tó ń dùn mí nìyí: bí wọ́n bá gé ẹran ara díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, inú àpótí amóoru tí wọ́n yí sí 37 ni wọ́n sábà ń gbé e sí. Kòkòrò náà ò ní hù dáadáa níbẹ̀, èsì á jáde pé wọn ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Àfi kí dókítà kọ ọ́ sórí ìwé pé mycobacteria lòun ń wá, kí wọ́n gbin òmíràn sí 30, kí wọ́n sì dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí awò-asọhun-kékeré-di-ńlá ò bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí.

Èyí tó bá wọ àpò tó yí iṣan ìka ká ló burú jù. Ọrùn-ọwọ́ á rọra máa wú, ìka ò ní ká tán mọ́, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e lè máa kú bí ìgbà téèyàn sùn lé apá lórí. Wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ steroid. Steroid ń dín agbára ìjà ara kù, àìsàn náà á sì ráyè tàn. Nígbà míì, bí oníṣẹ́ abẹ bá là á, á bá hóró funfun wínníwínní bí ìrẹsì níbẹ̀.

Fún marinum, oògùn méjì ni wọ́n sábà ń lò pọ̀: clarithromycin pẹ̀lú ethambutol tàbí rifampicin. Pyrazinamide, tó wà lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í ràn án. Ethambutol àti rifampicin kì í sì í ran àwọn ìbátan rẹ̀ bíi chelonae àti abscessus, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ èwo gan-an ló wà nílẹ̀. Bó bá ti wọlẹ̀, wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ ha awọ tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á sì tètè máa na ìka kó má baà le gbagidi. Bí kókó bá rọlẹ̀, ẹ má tíì dá oògùn dúró: ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, wọ́n sì ń fi oṣù kan tàbí méjì kún un lẹ́yìn tí awọ bá ti jinná. Rifampicin lè mú kí ìtọ̀ pọ́n bí omi ọsàn, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń ṣe bàìbàì fún ẹni tó ń lo ethambutol, tàbí tí kò dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́, kó sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.