Róòsì àti Ilé Olódi

Róòsì àti ilé olódi ni orúkọ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń fi ọ̀dà ṣe sára àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rin kánàlì (odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́) ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, wọ́n sì lè gùn tó 72. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan ti ṣàpèjúwe ọ̀ṣọ́ náà lọ́dún 1858. Ó jọ pé ìgbà tí rélùwéè ń gba ẹrù mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n kó aya àti ọmọ wá sínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ọkọ̀, ni ó gbilẹ̀.

Ibi tí ó máa ń wà

Inú ilẹ̀kùn yàrá ni wọ́n sábà máa ń ya ilé olódi sí, pẹ̀lú róòsì lábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí síta, ará etí odò á rí i. Ó tún ń wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣí wálẹ̀ di tábìlì, àpótí ìjókòó, agbada ìbumi, àti agolo omi tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé yàrá. Agolo yìí ni wọ́n ń pè ní Buckby, láti ara ìlú Long Buckby.

Bí a ṣe ń kun róòsì

Lẹ́yìn tí a bá ti fi sáńpépà ha ojú ibi tí a fẹ́ kùn, tí a sì ti kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, a ó ya òbìrípo kan fún òdòdó kọ̀ọ̀kan: pupa osùn fún róòsì pupa, píǹkì fún funfun, àwọ̀ ọsàn fún ìyeyè. Ewé aláwọ̀ dúdú-tútù á yí wọn ká. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó kun ewé òdòdó (pẹ́tàlì) sórí rẹ̀, nítorí bí òbìrípo náà bá ṣì tutù, àwọ̀ méjèèjì á lú mọ́ra, òdòdó á sì dọ̀tí.

Fífà búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan: a tẹ̀ ẹ́, a yí i, a gbé e. A kì í padà tún un ṣe. Kí ọ̀dà ki bí ẹ̀kọ mímu tó ń ṣàn. Èyí tó ki jù á fi ìrù sílẹ̀, èyí tó ṣàn jù á dà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì hàn. Ìlà ìyeyè tín-ín-rín lára ewé àti ẹ̀kán kéékèèké láàárín òdòdó ló ń parí rẹ̀, lẹ́yìn náà fáníìṣì (ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀).

Agolo tuntun tí wọ́n fi síǹkì bò máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òróró inú ọ̀dà á bá síǹkì ṣiṣẹ́, á di nǹkan bí ọṣẹ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo òdòdó á sì ṣí kúrò bí èèpo. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ní ásíìdì ló ń dènà èyí. Fáníìṣì náà sì máa ń pọ́n bí ó bá gbó: àwọ̀ aró á fẹ́ di àwọ̀ ewé, funfun á di ràkọ̀ràkọ̀, nítorí náà àwọ̀ tí a ń rí lára ohun àtijọ́ kì í sábà jẹ́ àwọ̀ tí ọlọ́nà fi sí i.

Ilé olódi

Ojú ọ̀run ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, aró lókè, ìyeyè rírẹ̀dòdò nísàlẹ̀, kí wọ́n pò wọ́n nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Òkè, adágún, afárá àti ilé gogoro olórùlé pupa á tẹ̀lé e.

Ìtumọ̀ àti àwọn ọlọ́nà

Àwọn kan sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Romani (ẹ̀yà alárìnká kan ní Yúróòpù) ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn. Ó jọ òdòdó ara abọ́ páànù aláwọ̀ dídán tí wọ́n ń ṣe ní Wolverhampton àti Bilston nígbà náà. Ohun tí ojú tó mọ̀ ń kà lára rẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó ṣe é: Frank Nurser ní Braunston, Herbert Tooley ní Banbury, tàbí Bill Hodgson ní Middleport, ẹni tí òdòdó tirẹ̀ súnmọ́ òdòdó gidi jù. Òfin ọkọ̀ kánàlì ti ọdún 1877 ló sọ kíkọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sára ọkọ̀ di dandan.

Lẹ́yìn tí ìjọba gba àwọn kánàlì lọ́dún 1948, àwòrán àlẹ̀mọ́ rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òtútù líle ti 1962–63, tó mú omi kánàlì dì, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ ẹrù. Láti dá àlẹ̀mọ́ mọ̀, ẹ fi ìka ra á: kò ní ìlà tí irun búrọ́ọ̀ṣì ń fi sílẹ̀.