Ibà lọ, àmọ́ iṣan ọkàn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn ṣe àìsàn Kawasaki, ìyẹn àìsàn ọmọdé tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú, gbà pé ọjọ́ tí ibà bá lọ ni ọ̀rọ̀ parí. Ojú tó pọ́n ti mọ́, ètè tó là ti jinná, awọ ìka tó ń bó ti jọ̀lọ̀, ọmọ sì ti ń sáré kiri.

Dókítà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà gan-an ti gba bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 1961 ni Tomisaku Kawasaki rí ọmọ àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Tokyo. Nígbà tó kọ̀wé nípa ọmọ 50 lọ́dún 1967, ó ní ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn ọmọ kan tí ara wọn ti yá ṣàdédé kú. Wọ́n yẹ òkú wọn wò: ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn.

Ibẹ̀ ni ìjà náà wà. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti ògiri iṣan, ògiri á wú, á fẹ́lẹ́, á wá yọ gọngọ bíi túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti jẹ. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ọmọ 25 nínú 100 ló ń rí èyí. Bí wọ́n bá fa oògùn tí wọ́n ń yọ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ̀jẹ̀ tọrẹ sí i lára láàárín ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, iye náà ń já sí nǹkan bíi 4. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣòfò rárá.

Ó tún ku ìgbàgbọ́ kan tó ṣòro tu ju ti ìṣáájú lọ: pé bí àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà bá ti dára, iṣan ti padà sípò. Lóòótọ́, ó ju ìdajì àwọn ibi tó yọ gọngọ lọ tó ń súnkì láàárín ọdún kan sí méjì. Àmọ́ bí ihò iṣan ṣe fẹ̀ tó ni àwòrán náà ń sọ. Ògiri rẹ̀ lè ti nípọn, kó ní àpá, kó má lè fẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkàn bá nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Nínú iṣan tó bàjẹ́ gan-an, wíwú náà lè máa bá a lọ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù, àní fún ọdún. Èyí tó bá sì fẹ̀ tó mìlímítà 8 kì í sábà padà sípò.

Kí èyí má ṣe já òbí tí iṣan ọmọ rẹ̀ kò fẹ̀ rí láyà o. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn dókítà sì sábà máa ń tú u sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Èyí tí iṣan rẹ̀ fẹ̀ rí ni kò gbọ́dọ̀ pa ìwé ìtọ́jú rẹ̀ tì. Bí àyà bá ń dùn ún lọ́mọ ọdún 25, kó tètè lọ sílé ìwòsàn, kó sì sọ pé òun ṣe Kawasaki ní kékeré, torí dókítà lè máà ronú kan ọkàn lára ọ̀dọ́.