Brucellosis: ibà tí ó ń ti ara ẹran ọ̀sìn wọ ara ènìyàn

Brucellosis ni àìsàn tí bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brucella máa ń fà. Ara màlúù, ewúrẹ́, àgùtàn àti ẹlẹ́dẹ̀ ni bakitéríà yìí ń gbé kí ó tó ran ènìyàn. Bí ó bá mú màlúù, oyún sábà máa ń bàjẹ́ lára abo nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bí. Ẹran náà lè máa jẹko lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, síbẹ̀ kòkòrò náà wà nínú wàrà rẹ̀, ó sì pọ̀ gidigidi nínú ibi àti omi tí ó bá oyún jáde.

Ní erékùsù Malta ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1887, David Bruce, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò náà lára òkú àwọn ọmọ ogun tí ibà pa. Ọdún 1905 ni Themistocles Zammit, dókítà ọmọ Malta, tó fi hàn pé ara ewúrẹ́ ni ó ti ń wá. Nígbà tí wọ́n sì dá àwọn ọmọ ogun dúró láti máa mu wàrà ewúrẹ́, àìsàn náà dínkù kíákíá.

Lọ́dọ̀ tiwa, nónò tí a kò se wàrà rẹ̀ kí ó tó kan ni mo ń kọminú sí jù, nítorí kíkan nìkan kò tó láti pa kòkòrò yìí. Wàrà tí wọ́n fi ewé bọmubọmu sè títí ó fi hó dáadáa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alápatà àti àwọn tí ń gbẹ̀bí ẹran lè kó o láti ojú ọgbẹ́ ọwọ́, nítorí náà wọ́n nílò ìbọ̀wọ́.

Ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, òógùn òru, àárẹ̀, ẹ̀yìn ríro àti oríkèé dídùn ni àmì rẹ̀. Kórópọ̀n ọkùnrin mìíràn a máa wú. Ó lè pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní oṣù, kí ó tó hàn, ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń lo oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù léraléra lásán. Bí ẹ bá ń sin ẹran tàbí tí ẹ ń mu wàrà tí a kò sè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un. Inú sẹ́ẹ̀lì ara ni kòkòrò náà ń sá pamọ́ sí, nítorí náà oríṣi oògùn méjì ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tí ó bá dá a dúró nítorí pé ara ti yá, ibà náà lè padà wá bá a.