Ààrò Méjì, Fèrèsé Kan

Ọ̀kun o. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan gbé láptọ́ọ̀pù méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì kan náà ló wà lára wọn. Ti ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ tíṣà ní Ìyàrá, kì í dún rárá. Ti àbúrò, tó ń gé fídíò ìgbéyàwó jẹun, ń hu bí ẹ̀rọ ìlọta. Àbúrò ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò sẹ́ni tó lù ú. Káàdì gíráfíìkì tó wà nínú wọn, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, ni kò dọ́gba.

Ilé iṣẹ́ lè ṣe láptọ́ọ̀pù kan ní oríṣi méjì. ThinkPad T480 tó jáde ní 2018 wà tó jẹ́ káàdì Intel UHD 620 nìkan ló ní, òmíràn sì wà tí wọ́n fi káàdì NVIDIA MX150 kún un. Ti Intel yìí, inú prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, gan-an ló ń gbé, RAM (mẹ́mọ̀rì) tí prósẹ́sọ̀ ń lò ni wọ́n jọ ń pín. Prósẹ́sọ̀ ibẹ̀, tí lẹ́tà U máa ń wà níparí orúkọ rẹ̀, iná 15 watt ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí. Káàdì kejì ní tirẹ̀ dá dúró, ó ní mẹ́mọ̀rì tirẹ̀, ó sì ń jẹ iná tirẹ̀. Gbogbo iná tó bá jẹ, ooru ló ń dà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ọ̀pá bàbà kan náà ló ń gba ooru lára àwọn méjèèjì lọ bá fáànù. Ààrò méjì, fèrèsé kan. Ẹ dáná sí ọ̀kan, èéfín á rọra jáde. Ẹ dáná sí méjèèjì, ojú á ta yín. Fáànù tó bá sì fi ìlọ́po méjì yára sí i, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 15 ló máa ń fi kún ariwo rẹ̀, ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ létí wa.

Ẹ má wo orúkọ káàdì nìkan. RTX 4060 ti láptọ́ọ̀pù lè jẹ 35 watt, ó lè jẹ 115, bó bá ṣe wu ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà. Èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ ni mo máa ń bẹ̀rù jù.

Kẹ́ ẹ tó gbé e wá bá mi, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows, ẹ wọ Performance. GPU ni wọ́n ń pe káàdì gíráfíìkì níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí GPU 0 àti GPU 1, káàdì méjì lẹ ní. Ẹ wo èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ti àbúrò, Chrome lásán ni ẹnì kan ti gbé sórí NVIDIA. Mo lọ sí Settings, System, Display, Graphics, mo yí i sí Power saving, ilé pa lọ́lọ́. Láptọ́ọ̀pù mìíràn wà tó jẹ́ ara NVIDIA ni ihò HDMI rẹ̀ ti wá, ìdí nìyẹn tí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín fi ń hu bẹ́ ẹ bá ti so prójẹ́kítọ̀ mọ́ ọn.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Mo ti ṣí èyí tí eruku dì lẹ́nu ihò rẹ̀ bí òwú ìrọ̀rí. Bẹ́ ẹ bá máa fẹ́ eruku náà dànù, ẹ fi igi ìtayín há fáànù kó má yí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo jẹ́ kó máa yí fìrìfìrì nítorí ó dùn ún wò, fáànù oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kínkín títí tí ọ̀gá mi fi ra òmíràn. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì: abẹ́ lọ̀pọ̀ wọn ti ń fa atẹ́gùn. Ẹni tó bá ní òun á fi sọ́fítíwíà pa fáànù fún yín, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ooru bá ń sún mọ́ 100°C, prósẹ́sọ̀ á máa falẹ̀ kó má baà jóná, ẹ̀yin náà ẹ ó sì máa falẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Àbúrò ṣì ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun pààrọ̀, torí bó bá ti ń gbé fídíò jáde, ariwo á padà. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ti ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan jáde. Kò tíì dé ìdajì tó fi na ọwọ́ sí tirẹ̀.